Ìlú tí oko àgbàdo yí ká: ìdáhùn fún ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Iowa

Ìyá kan ní Ìbàdàn kọ̀wé sí mi pé ọmọ òun ọkùnrin ti rí àyè gbà ní Buena Vista University, ní ìlú Storm Lake, ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà. Ó ní òun ṣí máàpù lórí fóònù, òun wò ó títí, àyà òun já: "Àwọn ọ̀nà ibẹ̀ gún bí ẹni fi rúlà fà wọ́n. Ilé kan níbí, ilé kan lọ́hùn-ún. Ṣé oko ni wọ́n ń gbé ọmọ mi lọ ni? Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀? Kí ni wọ́n fi ń jẹun? Wọ́n tiẹ̀ sọ fún mi pé gbogbo abúlé Amẹ́ríkà ló ti ń tú. Ṣé òótọ́ ni?"

Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Oko ni lóòótọ́, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko tí ẹ rí lórí máàpù yẹn, owó ló pọ̀ níbẹ̀, èèyàn ò pọ̀. Inú Storm Lake fúnra rẹ̀ ni èèyàn wà, iṣẹ́ ẹran ló sì kó wọn jọ síbẹ̀, kì í ṣe àgbàdo. Orí ìyẹn ni mo gbé ìdáhùn mi lé. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ọ̀nà tó gún tó bà yín lẹ́rù.

Kàǹtì ni wọ́n ń pe ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. 99 ló wà ní Iowa, Buena Vista sì wà lápá àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Láti Storm Lake dé Sioux City lé ní máìlì 70, dé Des Moines tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ tó bíi 150. Kí ìjọba Amẹ́ríkà tó ta ilẹ̀ àgbègbè yẹn fún ẹnikẹ́ni, àwọn awọnlẹ̀ ti wọn gbogbo rẹ̀ tán, bí òfin ọdún 1785 ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n gé e sí igun mẹ́rin mẹ́rin, máìlì 6 níbùú, máìlì 6 lóròó. Wọ́n tún gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí 36, tí ègé kan fi jẹ́ máìlì kan níbùú lóròó, ìyẹn éékà 640. Buena Vista jẹ́ máìlì 24 lọ́nà méjèèjì, nítorí náà àwọn ègé ńlá 16 ló wọ inú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ojú ààlà àwọn ègé kéékèèké ni wọ́n la ọ̀nà sí. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò níbẹ̀ á máa kan oríta ní máìlì máìlì, ọ̀nà mìíràn á sì lọ tààrà láìyà títí ojú ò fi ní í tó o mọ́. Òkè ò gbà á lọ́wọ́ ọ̀nà, òkúta ò dí i, torí ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ti àwọn ilé tó dá wà kiri ńkọ́? Òfin ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn náà. Òfin Homestead ọdún 1862 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ éékà 160 lọ́wọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ náà, kó gbé ibẹ̀, kó sì dáko níbẹ̀ fún ọdún 5. Ẹni tó ra tiẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rélùwéè pàápàá, orí oko ló kọ́lé sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ìlú là ń gbé, oko là ń lọ: àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìdó, agbo ilé rẹ̀ ṣì wà nínú Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti ń ṣọdún, ibẹ̀ ni wọ́n á sì sin ín sí. Àgbẹ̀ Iowa kò ní agbo ilé kankan lẹ́yìn. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ló wà lórí éékà 160 yẹn, aládùúgbò tó sún mọ́ wọn jù sì lè jìnnà tó ìdajì máìlì. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ilé oko kan dáadáa: ẹ ó rí i pé igi pọ̀ lápá àríwá àti ìwọ̀-oòrùn ilé náà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá lápá gúúsù. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbìn wọ́n, láti gba atẹ́gùn ọyẹ́ dúró. Kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé, koríko gíga ló wà níbẹ̀. Etídò nìkan ni igi ti ń hù.

Àwọn Dakota, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ni ilẹ̀ náà kí àwọn aláwọ̀ funfun wọ̀nyí tó dé. Ọdún 1851 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi àdéhùn gba ìyókù ilẹ̀ wọn ní Iowa lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Iowa dá kàǹtì náà sílẹ̀ lórí ìwé, nígbà tí kò tíì sí aláwọ̀ funfun kan tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì fi ogun Buena Vista, tí Amẹ́ríkà jà ní ilẹ̀ Mexico ní 1847, sọ ọ́ lórúkọ. (Ẹ máa rántí orúkọ Mexico yìí.) Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ dó dé ní 1856. Etí odò Little Sioux lápá àríwá ni wọ́n dúró sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè rí igi ìdáná àti igi ìkọ́lé.

Ohun tó gbé kàǹtì náà dìde ni rélùwéè tó dé Storm Lake ní 1870. Ní ọdún yẹn, èèyàn tó wà ní gbogbo kàǹtì kò ju bíi 1,600 lọ. Nígbà tó fi máa di 1880 wọ́n ti lé ní 7,500, bẹ́ẹ̀ sì ni eéṣú jẹ oko wọn léraléra láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Newell, Storm Lake àti Alta tò tẹ̀ lé ara wọn lórí irin náà. Sioux Rapids tó wà létí odò ni olú ìlú kàǹtì tẹ́lẹ̀, àmọ́ rélùwéè yẹn kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀; nígbà tó di 1878, wọ́n kó ipò náà lọ sí Storm Lake. Àwọn ará Sweden kó sí apá Albert City, àwọn ará Norway sí apá Sioux Rapids àti Linn Grove, àwọn Jámánì sì wà káàkiri. Ọdún 1891 ni àwọn ìjọ Presbyterian dá ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín ń lọ sílẹ̀, létí adágún.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi, torí ohun tí máàpù fóònù ò lè fi hàn yín nìyẹn. Ní ìgbà láéláé, ó lé ní ọdún 10,000 sẹ́yìn, yìnyín ló bo apá ibẹ̀, yìnyín tó nípọn bí òkè, tó ń rọra wọ́ bọ̀ láti àríwá. Nígbà tó yọ́, ó fi ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá sílẹ̀, ó sì tún fi kòtò omi kéékèèké sílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Storm Lake, adágún tí ìlú náà fi jẹ́ orúkọ, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí yìnyín fi sílẹ̀: éékà rẹ̀ lé ní 3,000, ṣùgbọ́n kò jìn, ẹrẹ̀ sì ń wọ́ sínú rẹ̀ débi pé ní 2002, wọ́n gbé ọkọ̀ ìwalẹ̀ sórí rẹ̀ láti fa ẹrẹ̀ náà jáde. Àwọn kòtò kéékèèké tó kù, wọ́n ti gbẹ́ wọn gbẹ. Páìpù ni wọ́n rì sábẹ́ oko, amọ̀ sísun láyé àtijọ́, ọ̀rá lóde òní. Omi á wọ inú páìpù, páìpù á da á sí gọ́tà, gọ́tà á gbé e lọ sódò. Ẹ ò lè rí i lójú, àmọ́ láìsí àwọn páìpù yẹn, irà ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là léékà kan lónìí ì bá ṣì jẹ́.

Wàhálà tibẹ̀ jáde. Ààlà tó pín omi odò ńlá méjì níyà gba inú kàǹtì yìí kọjá. Òjò tó bá rọ̀ lápá kan ń bá Little Sioux lọ sí odò Missouri. Èyí tó rọ̀ lápá kejì ń bá North Raccoon lọ sí Des Moines, kó tó dé Mississippi. Odò Raccoon yìí sì ni àwọn ará Des Moines ń fà mu. Ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ dà sí àgbàdo ń bá omi páìpù lọ, ó ń di nitrate nínú odò. Òfin kò jẹ́ kó ju mílígíráàmù 10 lọ nínú lítà omi mímu kan, torí ó léwu fún ọmọ ìkókó. Ní 2015, iléeṣẹ́ omi Des Moines pe kàǹtì mẹ́ta lẹ́jọ́, Buena Vista, Sac àti Calhoun, pé gọ́tà wọn ló ń ba omi àwọn jẹ́, owó ńlá làwọn sì ń ná láti yọ ọ́. Ní 2017, kóòtù da ẹjọ́ náà nù. Ìwé ìròyìn ìlú náà, Storm Lake Times, tí ìdílé kan ń tẹ̀ nígbà náà, ti béèrè ṣáájú ìdájọ́ yẹn pé ta ló ń san owó lọ́yà fún àwọn kàǹtì náà, ó sì tú u síta pé owó àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń jèrè lára àgbẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí àwọn àpilẹ̀kọ yẹn ni Art Cullen, olóòtú rẹ̀, fi gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà, lọ́dún 2017 náà. Ìwé ìròyìn tí kò tà ju bíi 3,000 lọ! Ọ̀rọ̀ omi náà kò tíì tán: ní oṣù kẹfà 2025, nitrate pọ̀ débi pé wọ́n ní kí gbogbo àgbègbè Des Moines yé bomi rin koríko iwájú ilé. Lójú tèmi, kóòtù ló lè sọ pé kàǹtì ò jẹ̀bi. Ẹni tó ń mu omi ló ṣì ń sanwó ohun tí oko dà sódò.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kàn. Àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń gbìn, èyí lọ́dún yìí, ìyẹn lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun mìíràn. Lọ́dún tí òjò bá dára, àgbàdo tí wọ́n ń rí lórí éékà kan lè tó tọ́ọ̀nù 5. Ẹ má rò pé èyí tí à ń sè jẹ ni o. Ó lé ní ìdajì àgbàdo Iowa tó ń di ethanol tí wọ́n ń pò mọ́ epo mọ́tò. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Albert City tó ń ṣe é. Ẹlẹ́dẹ̀, tòlótòló àti adìyẹ ló ń jẹ púpọ̀ nínú ìyókù. Ẹ̀rọ ìkórè kan, pẹ̀lú ẹni kan lórí ìjókòó rẹ̀, lè kórè éékà tó lé ní 100 lóòjọ́. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi tán lórí oko. Ilẹ̀ tí ìdílé mẹ́rin ń jẹ nígbà kan, ẹyọ àgbẹ̀ kan lè fi ṣe ìdá kékeré nínú iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá kọjá ilé oko kan tí fèrèsé rẹ̀ ti fọ́, tí wọ́n gbin àgbàdo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ebi kọ́ ló lé ẹni tó ni ín lọ. Ilẹ̀ náà ṣì ń so, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà.

Ta ni wá ń gba owó ilẹ̀? Nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ oko Iowa, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló jẹ́ pé ẹni tó ń dá a kọ́ ló ni ín. Ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san lọ́dọọdún fún onílẹ̀, owó sì ni, kì í ṣe iṣu. Púpọ̀ nínú àwọn onílẹ̀ yìí ti lé ní ọdún 65. Opó wà nínú wọn; àwọn ọmọ tó jogún ilẹ̀ tí wọ́n sì ń gbé ní Minneapolis tàbí Arizona wà nínú wọn. Owó ìṣákọ́lẹ̀ á bọ́ sí báǹkì wọn níbẹ̀, ìlú tí ilẹ̀ wà kò ní í rí i ná. Nígbà tí ọjà oko dẹnu kọlẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989, tí èlé orí gbèsè sì ga, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pàdánù ilẹ̀ wọn, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló sì rà á kún tirẹ̀.

Ẹran ọ̀sìn ńkọ́? Ilé gbọọrọ onípáànù tí fáànù ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹ ó máa rí káàkiri pápá, ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹlẹ́dẹ̀ tó lé ní 2,000 lè wà nínú ọ̀kan. Àgbẹ̀ ló sábà máa ń ni ilé náà, pẹ̀lú gbèsè tó wà lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló ni ẹlẹ́dẹ̀ inú rẹ̀. Ìgbẹ́ wọn á dà sínú kòtò lábẹ́ ilé; tí ìkórè bá parí, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á rì í sínú ilẹ̀ fún ajílẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé tó bá di oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, òórùn yẹn á wọlé bá a, kó má rò pé sókúwè họ́sítẹ́ẹ̀lì ló bẹ́. Ti adìyẹ tún le jù bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹyin kan wà ní Rembrandt, níhà àríwá Storm Lake, tí adìyẹ rẹ̀ ń lọ ní mílíọ̀nù. Àìsàn ẹyẹ wọ ibẹ̀ ní 2015, wọ́n pa wọ́n dànù. Ó tún wọ ibẹ̀ ní 2022, wọ́n pa mílíọ̀nù 5.3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì di aláìníṣẹ́. Àwọn òpó gíga funfun tó ń yí lójú atẹ́gùn lápá Alta, iná mànàmáná ni wọ́n ń fi ṣe látọdún 1999. Onílẹ̀ ń gba owó lórí wọn, kàǹtì ń gba owó orí.

Gbogbo èyí tí mo ń kà sílẹ̀ yìí, èèyàn mélòó ló nílò? Díẹ̀ ni. Ẹ wo Pocahontas, kàǹtì tó bá Buena Vista pààlà lápá ìlà-oòrùn: ilẹ̀ rẹ̀ tóbi bákan náà, ó dúdú bákan náà, àgbàdo rẹ̀ ò kéré, ṣùgbọ́n nígbà ìkànìyàn 2020, èèyàn ibẹ̀ kò ju bíi 7,000 lọ. Buena Vista ní 20,823, ó sì fi díẹ̀ lé sí ti 2010. Ilé ìpẹran ló fa ìyàtọ̀ ọ̀hún.

Hygrade ló ni ilé ìpẹran Storm Lake tẹ́lẹ̀. Owó oṣù ibẹ̀ dára: ọmọ ìlú tó jáde ìwé mẹ́wàá lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó kọ́lé, kó sì rán ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ní 1981 ni wọ́n tì í. Ilé-iṣẹ́ IBP ṣí i padà ní 1982, pẹ̀lú owó tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ àti iṣẹ́ tó yá jù ti tẹ́lẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n sì gbà. Àwọn ọmọ ìlú ò dúró gba èyí. Àwọn tó gbà á ni àwọn ará Laos tó sá fún ogun, torí láti 1975 ni gómìnà Iowa, Robert Ray, ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn Tai Dam, ẹ̀yà kan tó sá kúrò ní Laos, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Mexico dé. Ẹ rántí orúkọ kàǹtì náà: ogun tí wọ́n bá Mexico jà ni wọ́n fi sọ ọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ Mexico ló sì wá gbé olú ìlú rẹ̀ ró. Lẹ́yìn náà ni ará Sudan, ará Burma àti àwọn ará erékùṣù Micronesia, tí àdéhùn orílẹ̀-èdè wọn pẹ̀lú Amẹ́ríkà gbà láyè láti wá ṣiṣẹ́ láìgba físà. Tyson ra IBP ní 2001, òun ló ni ilé ẹlẹ́dẹ̀ àti ilé tòlótòló ìlú náà lónìí.

Kò rọrùn fún wọn. Ní 1996, àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de ya wọ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n kó àwọn tí kò níwèé lọ. Ní oṣù karùn-ún 2020, nígbà kòrónà, òṣìṣẹ́ 555 nínú 2,517 ló kó àrùn náà nínú ilé ẹlẹ́dẹ̀ yẹn. Ẹ fojú inú wò ó: ilé tútù bíi fìríìjì, èèyàn tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ẹran ń kọjá lórí ìkọ́ láìdúró, ariwo ẹ̀rọ débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní láti sún mọ́ etí ẹnìkejì. Ọgbẹ́ ọwọ́ àti ìrora èjìká ló ń bá wọn relé. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń fi Storm Lake ṣe àpẹẹrẹ ìlú aláyọ̀ láìdárúkọ èyí.

Síbẹ̀, ìlú náà ò tú. Nígbà ìkànìyàn 2020, èèyàn inú Storm Lake lé ní 11,000, ìyẹn ju ìdajì gbogbo kàǹtì lọ. Bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn ló jẹ́ ará Mexico tàbí àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kún, wọ́n sì ń kọ́ kíláàsì sí i. Àwọn ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú tí ì bá ti pa, ará Mexico àti ará Laos ló ń tà níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ata rodo àti ẹsẹ̀ màlúù, ọmọ yín á rí wọn rà. Ẹ kúrò níbẹ̀ lọ sí Marathon, Linn Grove tàbí Truesdale nínú kàǹtì kan náà: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ní tó 300 èèyàn. Àká irin gíga tí wọ́n ń kó ọkà sí ló ga jù níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí méjì tẹ̀ lé e. Ilé-ẹ̀kọ́ ti para pọ̀. Sioux Central tó dúró láàárín oko ló ń kó ọmọ Sioux Rapids, Rembrandt àti Linn Grove jọ. Nítorí náà, ẹni tó sọ fún yín pé abúlé Amẹ́ríkà ń tú kò parọ́, àmọ́ ó dá lórí oríta tí ẹ bá dúró sí.

Ó ku ti ọmọ yín. Òtútù ibẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ dé -20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, adágún á dì débi pé àwọn èèyàn á wa mọ́tò lọ sórí rẹ̀ láti lu ihò pẹja. Kó má ra kóòtù ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà wa kò tó nǹkan níbẹ̀. Ẹni tí kò ní mọ́tò níbẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń rìn, àmọ́ yunifásítì, adágún àti àárín ìlú sún mọ́ra. Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún un pé ilé ẹran ń wá èèyàn, kó lọ ṣiṣẹ́ alẹ́ níbẹ̀, kó kọ̀ ọ́. Físà F-1 tó fẹ́ gbé lọ, iṣẹ́ inú ọgbà ilé-ìwé ló gbà á láyè, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ìwé bá ń lọ. Lẹ́yìn tó bá jáde, ó lè tọrọ àyè ọdún kan láti ṣiṣẹ́ nídìí ohun tó kọ́, ọdún méjì sí i tó bá jẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀rọ. Àwọn tó ń gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú kàǹtì náà, ní ilé ìwòsàn, báǹkì àti ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Kó ti máa wo Des Moines àti Omaha láti ọdún kẹta.